Orúkọ Tí Màmá Dá Padà Fún Mi

Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ ọmọ tí mo bí. A ò jà, ọmọ náà ò sì kú. Ilé kan náà là ń gbé, inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹun, èmi ni mo sì ń di irun rẹ̀ títí ó fi dàgbà tó ẹni tó ń di í fúnra rẹ̀. Àmọ́ àkọ́bí ni, àkọ́bí ní ìdílé wa sì jẹ́ ti baba àti ìyá ọkọ. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, wọn á gbà á, wọn á tọ́ ọ dàgbà bí àbíkẹ́yìn tiwọn. Àwọn ni yóò máa pè ní bàbá àti màmá. Ìwọ tí o bí i á di ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyàwó ilé ò sì gbọdọ̀ pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà ṣe arúgbó, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọge ìgboro Aksai ti ń fi èyí ṣẹ̀rín báyìí. Wọ́n ń pe ìyá ọkọ wọn lórúkọ lórí fóònù, ilẹ̀ ò sì lanu gbé wọn mì. Ní tiwa lókè, níbi tó jẹ́ pé ìrìn wákàtí méjì lórí ẹṣin ni láti ilé kan sí èkejì, òfin náà ò yẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń sọ pé Màmá, tàbí tí mo ń sọ pé Bàbá Aláwò, ẹ má rò pé mi ò mọ orúkọ wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó pa àgbò, ó pe gbogbo ará àfonífojì wa. Ó gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ultugan, láti òní lọ, àbúrò ọkọ rẹ nìyí. Wá ohun tí wàá máa pè é." Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Èmi ni baba ọkọ mi ní kí n sọ ọmọ náà lórúkọ nígbà tí mo bí i, mo sì ti fi odidi oṣù mẹ́rìnlá pe orúkọ yẹn yó. Mo wo ojú rẹ̀, ojú ńlá, irun ìpéǹpéjú gígùn, bíi ti ọmọ ràkúnmí. Mo ní, "Ẹlẹ́yinjú." Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìyàwó wa mọ orúkọ í sọ. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó tó gbọ́n. Lẹ́yìn náà mo lọ sẹ́yìn ọgbà àgùntàn, mo fún ọmú mi dà sórí yìnyín, nítorí ó ń dùn mí.

Ẹ má bá mi bú Màmá o. Èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i, mo sì ti bú u tó nínú ikùn mi. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sin kí wọ́n tó rìn. Ó tọ́ Ẹlẹ́yinjú bí ẹni ń dáàbò bo iná lójú ìjì. Nígbà tó tó ọmọ tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́, Màmá tìkára rẹ̀ ló ń gbé e sí iwájú lórí ẹṣin, wákàtí mẹ́ta lálọ, mẹ́ta lábọ̀, kó tó di pé wọ́n gba ọmọ sí ilé ìbùsùn wọn. Mo bí ọkùnrin méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yẹn jẹ́ tèmi, mo ń fi orúkọ wọn pariwo láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tí orúkọ kẹta yẹ kó wà, kò tíì dí.

Ọmọ náà mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ ni. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ọmọ kan nílé ẹ̀kọ́ sọ fún un pé, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ ló bí ẹ." Ó délé lọ́jọ́ náà, ó tẹjú mọ́ mi jálẹ̀ oúnjẹ. Nígbà tó la ẹnu, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní iyọ̀." Mo fún un ní iyọ̀. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ láyé kò pọ̀. Mo fẹ́ pe ọmọ mi lórúkọ lójú àwùjọ, kó sì jẹ́ mi bí ọmọ ṣe ń jẹ́ ìyá rẹ̀.

Ìgbà ìrúwé ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí àwọn àgùntàn ń bímọ lọ́tùn-ún lósì, àyà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn án léèmọ̀. A gbé e lọ sílé ìwòsàn nígboro, kò lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ tó fi ní ká gbé òun padà. Ó ní òun ò lè kú sórí ibùsùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹlẹ́yinjú wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama tó wà nígboro náà, ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Màmá kì wá nílọ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é. Bó bá gbọ́, á sá wálé, ìwé tó ti ń kà látọjọ́ yìí á sì dòfo." Ọkọ mi ní ká pè é, mo ní ká má pè é. Òótọ́ ni pé Màmá ló pàṣẹ, àmọ́ ara mi mọ̀ pé kì í ṣe àṣẹ nìkan ni mò ń pa mọ́. Mi ò fẹ́ kó wá jókòó ti Màmá lójoojúmọ́, kí n máa wò wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo gbé orí Màmá sókè kó lè mu tíì.

"Ultugan."

"Màmá."

"Ṣé inú ń bí ẹ sí mi?"

"Ó ti bí mi rí."

"Fún ìgbà wo?"

"Bí ọdún mẹ́wàá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Mo rò pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. O ní sùúrù ju bí mo ṣe rò." Ó sinmi díẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Tí mo bá lọ, ìwọ ni kó o lọ mú ọmọ rẹ wá. Pè é lórúkọ rẹ̀. Mo dá a padà fún ẹ."

Ọmọ rẹ. Ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń tún ìjánu ẹṣin ṣe. Ó gbọ́ ọ, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Màmá mu tíì rẹ̀ tán. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ó dákẹ́.

Ọkọ mi gun òkè lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó pe Bàbá Aláwò, tí mò ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí awò ojú rẹ̀, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ọkọ mi láti ìgbà tí baba ọkọ mi ti kú. Bàbá gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Ọmọkùnrin ẹni tó kú gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ láti gba àwọn tó ń bọ̀ wá sunkún, nítorí náà èmi àti Bàbá la jọ lọ sígboro. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò sìnkú, ọmọ sì gbọdọ̀ rí ojú Màmá kí wọ́n tó gbé e lọ.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣàdédé sọ fún ènìyàn pé ìyá rẹ kú. Àgbà ló ń tú u. Á fi ọ̀rọ̀ rìn yí ká, á máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a ń rọra sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ràkúnmí. Títí tí àgbà yóò fi sọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tó bá mọ̀ gbọdọ̀ pa ẹnu mọ́. Kí àwa tó kúrò nílé, gbogbo ìgboro ti gbọ́. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé tísà wọn gba fóònù gbogbo kíláàsì lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní wọ́n ti ń ṣeré jù. Obìnrin tó ń ta gègé lẹ́nu géètì ta gègé fún un, ó fún un ní ṣéńjì, kò gbé ojú sókè wò ó. Ìlú tí òfófó kì í sùn nínú rẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́ nítorí ọmọ kan.

Ojú ọ̀nà, Bàbá Aláwò ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

"Ìyàwó, gbọ́ èyí: 'Àṣá tó fò ga jù lọ, bó pẹ́ bó yá, á padà sórí àpáta tó ti gbéra.' Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, Bàbá."

"Àbí kí n fi omi bẹ̀rẹ̀? Omi tó yọ́ lórí òkè…"

"Bàbá, ẹ wo ọ̀nà."

"Ọ̀nà ò ní sá lọ. Àti pé ìwọ, Ultugan, gbọ́ mi dáadáa. Má la ẹnu rẹ. Má sunkún. Bó o bá rí i, dúró sínú ọkọ̀ títí màá fi dé. Ẹnu rẹ mú, ilé bàbá rẹ lo ti mú un wá."

"Ẹ fi ilé bàbá mi sílẹ̀."

"Ẹyin lohùn ni mo ń sọ. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Màmá kú, inú mi sì ń dùn. Mo sunkún Màmá láti ọkàn mi wá, mo ti wẹ ojú rẹ̀, mo ti di àgbọ̀n rẹ̀, àmọ́ lábẹ́ ẹkún yẹn, inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí. Mo fi ìbòrí mi bo ẹnu, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń pariwo ni mo ń sọ orúkọ náà sábẹ́ ahọ́n. Ó ti le lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ó fi rọ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé. Bàbá Aláwò lọ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè bá a pe ọmọ sí yàrá tó dákẹ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ bó ṣe wí. Àṣé àkókò oúnjẹ ni. Agogo dún, àwọn ọmọ rọ́ jáde sí àgbàlá, abọ́ lọ́wọ́ oníkálùkù. Mo rí i. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù wọn, ó ń bá ọmọbìnrin méjì rẹ́rìn-ín, ó ń fi abọ́ lu itan rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Kò wo apá ibi tí mo wà. Ó ga ju bí mo ṣe rántí lọ. Ó ń kọjá lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn.

"Aklima!"

Ó dúró. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó wò mí, ó wo inú ọkọ̀ lẹ́yìn mi bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, ó tún wò mí. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Mo rò pé yóò sáré wá.

Ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Ìgbà wo?"

"Ìgbà wo ni kí ni?"

"Ìyàwó wa, ìgbà wo ni Màmá kú?"

Ibẹ̀ ni ó yé mi. Níwọ̀n ìgbà tí èémí bá wà lára Màmá, ẹnu mi ò jẹ́ pe orúkọ yẹn láé. Ọmọ náà mọ òfin ilé wa jù mí lọ, abẹ́ rẹ̀ ló gbé dàgbà. Kò sí àṣá, kò sí omi, kò sí àpáta. Mo fi orúkọ ọmọ mi ju òkú ìyá rẹ̀ lù ú láàárín àgbàlá, níwájú igba ọmọ tó di abọ́ mú.

Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀, mo gbá a mọ́ra. Kò tì mí dànù. Ó kàn jókòó gbagidi bí igi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí abọ́. Bàbá Aláwò sáré jáde pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo pè."

Ó wò mí pẹ́. Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Nígbà tí a ń padà, àárín èmi àti Bàbá ni Ẹlẹ́yinjú jókòó sí. Ìgboro tán, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn."

"A mọ̀."

"Ẹ ò pè mí."

"Màmá ló ní ká má pè ọ́."

"Ẹ̀yin náà a máa gbọ́ràn sí Màmá lẹ́nu nígbà tó bá wù yín."

Ẹnu mi ló jogún. Ó yẹ kí n dákẹ́, àmọ́ mo ti bà á jẹ́, mo tún fẹ́ tún un ṣe. Mo ní, "Màmá ló ní kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun dá ọ padà fún mi."

"Ṣé àgùntàn ni mí ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí i."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu yín pe orúkọ yẹn mọ́. Ẹlòmíì lè pè é. Tó bá jẹ́ ohùn tiyín ni, ikú Màmá ni màá máa gbọ́."

"Kí wá ni kí n máa pè ọ́?"

"Ohun tí ẹ ń pè mí."

Nígbà tí a dé orí òkè níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì wa, Bàbá Aláwò dá ọkọ̀ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì ní kí Ẹlẹ́yinjú bọ́ sílẹ̀ wá dúró níwájú òun. Mo rò pé ó fẹ́ gbà á níyànjú ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó mú un láti orí àṣá, ó bá a dé orí àpáta, ó sọ̀rọ̀ omi tó yọ́ tó sì ń wá ọ̀nà ilé, ó ka ìran Màmá láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá keje, ó sọ iye ọmọ tó bí àti èyí tó sin, ó sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó fi wákàtí mẹ́fà gun ẹṣin lójúmọ́ kí ọmọbìnrin kan lè mọ̀wé. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà dúró, ó tẹ́tí bí ẹni tí kò tíì gbọ́. Nígbà tí Bàbá dé ìparí, tó sì sọ ọ́ ní kedere pé ìyá rẹ ti lọ, ẹkún bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ṣubú mọ́ bàbá náà láyà. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: mo rí i pé mo gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, mo sì jókòó.

Nílé, wọ́n ti pa àgọ́ onírun sí apá ọ̀tún ilé, Màmá sì wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́yinjú wọlé lọ rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ipò ọmọbìnrin, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin arò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Èmi jókòó sí ipò ìyàwó ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká wa ń kan ara wọn, mo ń gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tí kò sunkún nínú àgọ́ yẹn. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó tì í, tí mo sì mọ̀ dájú pé èmi kọ́ ni ọmọ yìí ń sin, àti pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n kírun sí i lára, tí àwọn ọkùnrin sì gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, a gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ẹlẹ́yinjú ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìgbà tó ti gbé abọ́ òfìfo nílé ẹ̀kọ́. Àbúrò Màmá obìnrin wà níjókòó láàárín àwọn obìnrin, arúgbó kan tí mò ń pè ní Màmá Kékeré. Ọkọ mi ti sọ ohun tí Màmá wí fún un.

"Ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, "ẹ̀gbọ́n mi ti dá ọmọ padà fún ẹ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Pè é lórúkọ rẹ̀ kó wá jẹun, ká fi etí wa gbọ́ ọ."

Gbogbo obìnrin yíjú sí mi. Wọ́n á tó ọgbọ̀n. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún fẹ́ ni wọ́n gbé síwájú mi yìí, lójú àwùjọ, láìsí ẹni tó máa bi mí léèrè. Ẹlẹ́yinjú tẹ orí ba, ó ń wo ẹní. Ó ti di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó di í mú gírígírí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Mo mú abọ́, mo bu tíì oníwàrà sí i, mo fi bọ́tà díẹ̀ sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹlẹ́yinjú," mo ní, "gba tíì rẹ."

Màmá Kékeré pòṣé. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọwọ́ ọmọ náà kúrò létí aṣọ, ó gbé ojú sókè wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti àgbàlá ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ ṣé, Ìyàwó wa."

Ó mu ún tán láìgbé abọ́ kúrò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó na abọ́ náà sí mi padà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá bu abọ́ kún fún, a ní kó máa lọ ni. Mo bu díẹ̀, kò tó ìdajì.